Oníbodè Gbogbo Ayé: Ìtàn Ọ̀gbẹ́ni Ronald Noble àti Àjọ Ọlọ́pàá Interpol

Olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ ìtàn kan tí yóò wúlò fún tọmọdé tàgbà. Nǹkan méjì ni ó mú mi yan èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Èkíní ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ìwé wá bá mi ní ọdún tí ó kọjá, ó ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ṣé kí ó lè máa dúró sí ojú títì ni mo ṣe ta aṣọ mi rán an ní ilé-ìwé?” Èkejì ni pé, ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti òkè-òkun wálé sọ pé ìwé ìrìnnà òun sọnù, oṣù mẹ́jọ sì kọjá kí òun tó fi tó ẹnikẹ́ni létí. Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà sílé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi nínú mọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí yóò dá ìyá náà lóhùn, yóò sì fi ìdí tí kò fi yẹ kí a rẹ́rìn-ín hàn.

Ní ayé àwọn baba wa, ìlú tí ó bá ní odi a máa ní oníbodè. Òun ni ó ń jókòó sí ẹnu ibodè, òun ni ó ń bi àlejò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó rù. Bí ọba ìlú kan bá sì ní ọ̀rọ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ọba ìlú kejì, àrokò ni ó ń dì fún oníṣẹ́. Oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ tú u, kò sì gbọdọ̀ yí i padà. Lórí oníbodè tí kò sùn àti àrokò tí kò yí padà ni ààbò ìlú dúró lé. Bí àrokò bá dé, tí ẹni tí a fi rán an sí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ó yàtọ̀ sí èyí tí a kò rán rárá?

BÍ A ṢE DÁ ÀJỌ NÁÀ SÍLẸ̀

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òkun mú ìrìn àjò yá, olè pẹ̀lú rí ọ̀nà láti sá. Ẹni tí ó bá jalè ní ìlú kan lónìí lè sùn ní orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́la, kò sì sí ọlọ́pàá tí àṣẹ rẹ̀ ré kọjá ààlà ìlú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá àti àwọn amòfin láti orílẹ̀-èdè 24 fi pàdé ní Monaco ní oṣù Kẹrin ọdún 1914. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun ìgbàgbé títí di 1923, nígbà tí Johann Schober, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Vienna, tún un gbé dìde.

Àjọ náà rí àbùkù ńlá kan. Ní 1938 ni ìjọba Hitler gba ilẹ̀ Austria, ó sì gba àjọ náà pẹ̀lú. Ní 1940, Reinhard Heydrich, ọ̀kan nínú àwọn òṣìkà tí ó burú jù nínú ìjọba náà, di ààrẹ rẹ̀, wọ́n sì kó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Berlin ní 1942. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ òmìnira yẹra fún un. Lẹ́yìn ogun, ní 1946, wọ́n pàdé ní Brussels, wọ́n tún un dá sílẹ̀. Òfin rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1956 sọ ọ́ di Interpol. Ẹsẹ̀ kẹta òfin náà kà á léèwọ̀ fún àjọ náà láti dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ogun jíjà, ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Ẹni tí iná bá ti jó rí ni ó mọ bí iná ṣe gbóná tó. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà wọ àjọ náà ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Interpol ní ọmọ ogun tí ń gbé ìbọn kiri láti ìlú dé ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Interpol kò ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan láàárín àwọn ọlọ́pàá tirẹ̀, ọ́fíìsì wọ̀nyí ni ó ń gba iṣẹ́, tí ó sì ń jẹ́ iṣẹ́. Àrokò ni gbogbo agbára àjọ náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ darí irú àjọ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ iyì ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́.

ỌMỌ SÓJÀ TÍ Ó DI AMÒFIN

Ní 1956 ni a bí Ronald Noble ní Fort Dix, àgọ́ àwọn sójà kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Sójà aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni baba rẹ̀, ará Jámánì sì ni ìyá rẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì New Hampshire, ó parí ní 1979, ó sì kọ́ ìmọ̀ òfin ní Stanford, ó gboyè ní 1982. Kò gbójú fo èdè ọlọ́mọ ẹlòmíràn, nítorí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Sípéènì. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń sá fún kíláàsì èdè, ẹ fetí sí èyí.

Nígbà tí ó jáde ní ilé-ìwé òfin, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Adájọ́ A. Leon Higginbotham, àgbà adájọ́ aláwọ̀ dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà nítorí ìjà rẹ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni ó di agbẹjọ́rò ìjọba ní Philadelphia. Nígbà tí ó di 1993, ó ti dé ilé-iṣẹ́ ìṣúra ìjọba Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ààrẹ, àwọn aṣọ́bodè, àti àwọn tí ń mójú tó ọtí, tábà àti ìbọn wà ní abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo gbà pé ó tọ́ ọ sọ́nà títí di òpin iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1993, àwọn ọlọ́pàá tí ń mójú tó ìbọn yìí lọ ká àwọn ọmọ ìjọ kan mọ́ ilé wọn lẹ́bàá ìlú Waco ní Texas, nítorí ìbọn tí wọ́n ń kó jọ. Ìbọn dún. Ọlọ́pàá 4 kú, ọmọ ìjọ 6 sì kú. Ìjọba dó tì wọ́n fún ọjọ́ 51. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, iná sọ ní ilé náà, ènìyàn tí ó lé ní 70 ṣègbé, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn.

Noble ni ó ṣáájú ìwádìí ilé-iṣẹ́ ìṣúra lórí ohun tí àwọn ọlọ́pàá náà ṣe. Ìwádìí náà kò dáàbò bo ará ilé. Ó fi hàn pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà nínú ìjọ náà ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní yẹn. Ó sáré jáde wá sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé àwọn ará ilé náà ti mọ̀ pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá gbọ́, síbẹ̀ wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn máa lọ. Lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́ tán, àwọn kan nínú wọn tún yí ọ̀rọ̀ padà láti bo àṣìṣe wọn mọ́lẹ̀. Ìjọba dá àwọn ọ̀gá kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwé ìwádìí yìí. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ní Waco, a sọ ogun tẹ́lẹ̀ fún ẹni tí ó ní ẹsẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀.

NÍ ÌLÚ LYON

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, àpéjọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Interpol ní erékùṣù Rhodes, ní ilẹ̀ Gíríìsì, fi Noble ṣe akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé àgbà ni ó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní olú ilé-iṣẹ́ àjọ náà ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Láti ọjọ́ tí a ti dá àjọ náà sílẹ̀, kò sí ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù tí ó jókòó sí ipò náà rí. Wọ́n tún un yàn ní 2005 àti ní 2010.

Ohun tí ó bá nílẹ̀ kò dára tó. Ìkéde nípa ọ̀daràn tí a ń wá, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, ó sì lè pẹ́ ní oṣù bíi mélòó kan kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó yẹ. Bí alẹ́ bá lẹ́, tàbí bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, ilé-iṣẹ́ náà a máa ti ilẹ̀kùn. Ẹ sì wò ó, láti 1998 ni ìjọba Libya ti ní kí Interpol kéde Osama bin Laden fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà tó fẹ̀sùn kàn án ní gbangba. Àrokò ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó kà á sí?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn ọmọ ẹ̀yìn bin Laden fi ọkọ̀ òfurufú pa ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni Noble ti ní kí ilé-iṣẹ́ Lyon má ṣe sùn mọ́, tọ̀sán tòru, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Ní 2002, ó dá ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, fún gbogbo ìwé ìrìnnà tí ó bá sọnù tàbí tí a bá jí. Ní 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí so ọ́fíìsì ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè gbogbo pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n pè ní I-24/7. Ohun tí ń gba oṣù tẹ́lẹ̀ di ohun tí ń gba ìṣẹ́jú. Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ sì lè béèrè ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ti orílẹ̀-èdè olówó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ méjì tí ẹ̀rọ yìí ṣe. Èkíní dun èmi olùkọ́ jù. Ọkùnrin kan ya àwòrán ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń ba àwọn ọmọkùnrin kéékèèké jẹ́ ní Vietnam àti Cambodia, ó sì tàn án ká, ṣùgbọ́n ó lọ́ ojú ara rẹ̀ nínú àwòrán náà pọ̀ kí a má baà dá a mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá Jámánì tú ojú náà palẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Interpol fi àwòrán náà han gbogbo ayé, ohun tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ kọ̀wé pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ọmọ Kánádà ni, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì ń ṣe ní ilẹ̀ Korea. Ó sá lọ sí Thailand, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà. Ọjọ́ 11 péré! Iṣẹ́ tí mo ń jẹ, tí mo ń mu, ni ọkùnrin yìí fi ṣe ìbòjú. Mo dúpẹ́ pé ìbòjú náà já.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, Interpol àti ọlọ́pàá Côte d'Ivoire wọ inú oko kòkó àti oko ọ̀pẹ, wọ́n sì gba ọmọdé 54 tí a kó wá láti orílẹ̀-èdè 7 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àṣekú láìgba owó. Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkòkó ìlú wa mọ bí ẹrù kòkó ṣe wúwo tó lórí àgbàlagbà. Ẹ fojú inú wo ọmọdé tí a tàn kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ó ń rù ú nínú igbó tí kò gbọ́ èdè wọn.

IBI TÍ ÒJÌJI GBÉ BALẸ̀

Akọ̀tàn tí ó bá sọ rere nìkan, oníjálá ni. Ó yẹ kí a sọ ìyókù.

Ààrẹ Interpol yàtọ̀ sí akọ̀wé àgbà, òun ni ó ń ṣe alága ìgbìmọ̀ àjọ náà. Ní 2004, wọ́n fi Jackie Selebi, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá South Africa, ṣe ààrẹ. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀, inú gbogbo wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2008 ni ó kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀, nítorí ẹ̀sùn pé ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣòwò oògùn olóró. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ dá a lẹ́bi, ó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ìtìjú ńlá ni, àmọ́ ohun ìtùnú kan wà nínú rẹ̀: ilé-ẹjọ́ Áfíríkà ni ó dá a lẹ́jọ́, wọn kò sì wo ojú rẹ̀.

Noble fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìbáwí. Ẹ̀rọ tí ó mú kí ìkéde yá fún ẹni tí ó ń wá ọ̀daràn mú kí ó yá pẹ̀lú fún ìjọba tí ó ń wá ẹni tí ó bá a ṣe àríyànjiyàn. Ní 2014, ìkéde pupa tí Interpol ṣe láàárín ọdún kan ju 10,000 lọ. Ìkéde pupa ni èyí tí ń bẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n wá ẹnì kan rí, kí wọ́n sì dá a dúró. Àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn pariwo pé àwọn ìjọba kan ń fi lépa àwọn tí ó sá fún ìyà, lòdì sí ẹsẹ̀ kẹta òfin tí mo mẹ́nu bà lókè. Àwọn mìíràn bínú pé àjọ ọlọ́pàá gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, irú bí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, tí ó ṣe ìlérí mílíọ̀nù 20 owó euro ní 2011. Ní 2015, lẹ́yìn tí Noble ti lọ, tí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ bo FIFA mọ́lẹ̀, Interpol dá àdéhùn náà dúró. Ọ̀nà tí a là fún oníṣẹ́ ọba, olè pẹ̀lú lè gbà á kọjá. Ẹni tí ó bá la ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ TÍ KÒ DÉ

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2014, ọkọ̀ òfurufú Malaysia kan, MH370, gbéra láti Kuala Lumpur lọ sí Beijing pẹ̀lú ènìyàn 239. Kò dé. Bí wọ́n ṣe ń yẹ orúkọ àwọn èrò wò, wọ́n rí ọmọ Austria kan àti ọmọ Ítálì kan, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wà láàyè, wọn kò sì wọ ọkọ̀ náà rárá. A ti jí ìwé ìrìnnà wọn ní Thailand, ọ̀kan ní 2012, èkejì ní 2013. Àwọn ìjọba wọn ti fi tó Interpol létí. Ìwé méjèèjì wà nínú àkọsílẹ̀ tí Noble dá sílẹ̀, èyí tí ó ti ju mílíọ̀nù 40 lọ nígbà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ títí di ìgbà tí ọkọ̀ náà gbéra, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Noble sọ ọ́ ní gbangba, pẹ̀lú ìbínú, pé ní 2013 nìkan, ó ju ìgbà bílíọ̀nù kan lọ tí àwọn èrò wọ ọkọ̀ òfurufú láìjẹ́ pé a fi ìwé ìrìnnà wọn wé àkọsílẹ̀ náà. Ẹ ò rí i pé Waco náà ni èyí? Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ ni kò bi í.

Ohun tí ó kù ni ó jẹ́ kí n sunkún. Àwọn méjì tí ó gbé ìwé olówìí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Iran ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí wọn, kò sí àmì pé apániláyà ni wọ́n. Yúróòpù ni wọ́n ń wá ọ̀nà lọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tiwa. Ìwé tí ẹnì kan jí, tí ẹnì kan tà, ni ó gbé wọn wọ ọkọ̀ tí kò dé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní Monaco, níbi tí ìpàdé àkọ́kọ́ ti wáyé ní 100 ọdún sẹ́yìn, Noble fa iṣẹ́ lé Jürgen Stock, ọmọ Jámánì, lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè 190 ni ó wà nínú àjọ náà nígbà náà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ìwé ìrìnnà yín bá sọnù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó fi tó ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wa létí. Ẹ má sì fi í yá ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín. Àrokò ni ìwé náà, orúkọ ìdílé yín ni a sì dì sínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé, bí ẹnikẹ́ni bá wá ní òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ sí ibi iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ẹ bi í léèrè bí oníbodè ti ń bi àlejò. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú agbo ilé kan ni ó jẹ́ òtítọ́ láàárín orílẹ̀-èdè.

Ní ti ìyá tí ó wá bá mi, mo sọ ìtàn yìí fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọ náà lọ, ṣùgbọ́n kí ó fi ilé ṣe ibodè rẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó kọ́ ọ láti máa jẹ́ iṣẹ́ bí a ṣe rán an, kí ó má sì gba owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ní èdè mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn gbọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “O gbọ́, àbí o kò gbọ́?”

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ìlú wa, kí Ó sì mú gbogbo ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi padà wálé ní àlàáfíà. Àmín.